Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Kòtò Omi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà. Ṣé etí yín ò dùn yín mọ́? Ṣé àlàáfíà ni Màmá wà? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ti bọ́ ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí mo máa ń wọ̀ léra wọn.

Lẹ́tà yín tó kẹ́yìn dé, lẹ́tà tèmi sì wà nínú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ padà. Ẹ ti fi pẹ́ńsù káfíńtà fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá tí mo ṣì kọ. Mo ti tún gbogbo wọn kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo kúrò nílé. Ẹ máa ṣe mí jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò. Ẹ̀yin kì í gbọ́ fóònù, àmọ́ Màmá ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ẹ ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé afárá ni mò ń kọ́. Bàbá, kì í ṣe afárá. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe afárá.

Ọkọ̀ eré ni. Èèyàn mẹ́wàá á jókòó nínú ọkọ̀ tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n tó ní wíìlì. Ṣéènì á fà á gòkè lórí irin títí dé ibi tó ga tó ilé alájà mẹ́sàn-án. Níbẹ̀ ni ṣéènì á ti tú u sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹ́ńjìnnì mọ́; ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e sáré. Ìdí nìyẹn tí òkè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ ga ju gbogbo òkè tó kù lọ: gíga yẹn ni oúnjẹ tó máa jẹ dé òpin ìrìn. Ó máa já wálẹ̀, á yípo lẹ́ẹ̀mejì, á gun òkè kékeré kan, á wá já sínú kòtò omi gígùn. Omi yẹn ni bíréèkì rẹ̀.

Omi yẹn sì ni iṣẹ́ mi. Àwọn kan ló ni irin, àwọn kan ló ni ṣéènì. Èmi ni mo ni omi. Bó bá jìn jù, ọkọ̀ á dúró lójijì, ọrùn èrò á já síwájú. Bí kò bá jìn tó, ọkọ̀ ò ní dúró níbi tó yẹ. Láàárín méjèèjì yẹn ni mo ń gbé láti ọdún tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélógún tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, kí ló dé tí iṣẹ́ mi ń tì yín lójú? Kí ló sì dé tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lójijì, lọ́dún tí Àǹtí Aránṣọ kú sójú ọ̀nà? Ẹ máa ń sọ pé etí ni. Mo kàn ń béèrè ni o. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ìbéèrè-ò-tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn aládùúgbò.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta

Ìbéèrè-ò-tán, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Má tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kejì. Òtútù tó ń lọ ló máa ń bu èèyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ méje péré ni mo fa ìlà sí lábẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. O ń gbìyànjú.

Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ọmọ mi ń gbé irin lé orí òpó, irin náà sì kọjá lórí omi. Bí ẹni tó gbọ́ bá pè é ní afárá, ẹnu tirẹ̀ ni. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé mo rán ọmọ lọ sókèèrè, ó kàwé kàwé, ó wá di ẹni tó ń ju àgbàlagbà láti òkè sínú omi kí wọ́n lè rí ohun pariwo lé lórí? Onílé iwájú wa bi mí pé ibo ni afárá náà já sí. Mo ní ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìwọ náà wò ó: wọ́n gun òkè, wọ́n já wálẹ̀, wọ́n sọ̀ síbi tí wọ́n ti gbéra. Ìrìn-àjò wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n bó ti jẹ́ pé omi ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Kí ló di ọkọ̀ yẹn mú tí kò fi ní fò kúrò lórí irin? Bí ṣéènì bá já nígbà tó wà ní ìdajì òkè ńkọ́? Báwo ni òpó náà ṣe wọlẹ̀ tó? Ta ló ń wo omi náà bí ìwọ bá lọ sílé?

Ní ti ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, etí ni. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ló ń kọ tìsàlẹ̀ yìí. Gíláàsì mi ló fi ń ka lẹ́tà rẹ. Ó ti tẹ apá rẹ̀ kan, bí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, àfi bí ẹni ń yọjú wo èèyàn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Má dá a lóhùn nípa afárá. Àwòrán iṣẹ́ rẹ tó o fi ránṣẹ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, níbi tí àlejò ò ti lè rí i.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú àkókò tó bá jẹ́ tí lẹ́tà yìí bá yín. Mo ti fi gíláàsì méjì ránṣẹ́, tiyín àti ti Màmá, kí ìjà lè parí.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn yín. Kì í ṣe orí irin nìkan ni wíìlì ọkọ̀ náà wà. Àwọn kan wà lókè irin, àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan lábẹ́, wọ́n gbá irin mọ́ra bí ọmọ tó dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bó ti wù kó fẹ́ fò tó, kò sáyè. Bí ṣéènì bá já, eyín irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tẹ àkàsọ̀ irin lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; òun ló máa ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ọkọ̀ bá ń gòkè. Ọkọ̀ lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Òpó kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀ tó gíga èèyàn mẹ́rin tó gun èjìká ara wọn, kọnkéré ló sì dì í mú. Wẹ́dà wa, obìnrin kan tó máa ń kọrin sínú ìbòjú rẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n kun ojú ibi tó jó pọ̀ ní ọ̀dà títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán. Ó ní ọ̀dà ni aṣọ òpùrọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń wo omi, gééjì kan tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, Bàbá Pọ́ǹpù sì wà. Arúgbó ni, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá màlúù tó lágídí sọ̀rọ̀.

A ti ń dán an wò. A ò tíì gbé èèyàn sí i. Èèyàn rọ́bà tí a rọ omi kún la gbé jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó àgbàlagbà, a sì de bẹ́líìtì mọ́ wọn. Wọn ò lójú, wọn ò lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ já wálẹ̀ láti òkè yẹn, ìdákẹ́jẹ́ wọn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ. Ìgbà mọ́kànlélógún la ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa ń kọ ohun tí a rí sílẹ̀, a ó mu tíì, kí a tó rán òmíràn.

Ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún èrò lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà: ìwé irin, ìwé ṣéènì, ìwé omi. Mo buwọ́ lu ìwé omi lánàá. Orúkọ mi, Bàbá! Ọ̀gá mi, ẹnjinníà àgbà, ló fún mi ní kálámù àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti yá?

Ọmọ yín, onígíláàsì méjì.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Gíláàsì dé, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní tòun ló dára jù. Mo ní kò burú.

O yára buwọ́ lù ú. Mi ò sọ pé o ṣì í. Mo ní o yára.

Gbọ́. Omi tí ojú rẹ rí kọ́ ni omi tó wà. Bí o bá dúró tì í, á tẹ́jú fún ọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Má wo omi, wo ara ògiri. Ibi tí ògiri ti tutù tí omi ò sí níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Wá ṣọ́ọ̀kì. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fa ìlà sí ibi tí etí omi dé. Má fà á sí ẹnu páìpù o. Ẹni tó jókòó ti ìkòkò kì í tètè mọ̀ pé oúnjẹ ń tán. Ìpẹ̀kun tó jìnnà jù ni kó o fà á sí. Kó o wá padà lọ wò ó nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń mu tíì.

O bi mí bí a ṣe ń mọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, káfíńtà ló ń dá ọkọ̀ sílẹ̀. Láràárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ṣófo, mo máa wo ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo fà sí ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ṣófo bá rì ju ti àná lọ, ó ń mu omi níkọ̀kọ̀ nìyẹn. Bó bá wà bó ṣe wà, mo máa fi òòlù onígi kan iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Atukọ̀ ò gbọ́dọ̀ tú okùn kó tó gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ìwé, kò sí kálámù. Ìbuwọ́lùwé mi nìyẹn. Mi ò kan ọkọ̀ tí kò dá mi lójú rí, àfi

Mo ti pa ìlà kan rẹ́ níbí. Má gbé e wo ojú iná. Ọwọ́ ń ro mí, ó tó báyìí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìkíni kúrú lónìí.

Mo ra ṣọ́ọ̀kì. Mo fa ìlà sí ìpẹ̀kun kòtò bí ẹ ṣe wí. Ọ̀gá mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, “Ṣọ́ọ̀kì? Ṣé jẹ́lé-ó-sinmi la wà ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ayàwòrán wá ya fídíò ìpolówó, wọ́n sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa tẹ̀lé ara wọn kíákíá. A rán mẹ́rin jáde léra wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo lọ wo ìlà mi. Ìlà náà dá nìkan wà lókè. Omi ti fi í sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan. Mo sáré lọ wo gééjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù: ó ní gbogbo nǹkan pé.

Ó ti yé mi báyìí. Bí ọkọ̀ bá já sínú kòtò, ó ń da omi jáde lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn gan-an ni èrò ń wá wò. Pọ́ǹpù ń dá omi náà padà, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kún. Ìpẹ̀kun tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró ló ń kún kẹ́yìn. Nígbà tí à ń dán an wò, a fún omi láyè kó padà. Tíì tí à ń mu ló gbà wá là! Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló máa wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ mẹ́rin, àtàǹpàkò kan. Ẹ bá mi ṣírò ìyókù, mi ò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní kí n jókòó. Ó pọ́n mi lé kó tó dẹ́rù bà mí. Ó ní mo gbọ́n, pé iwájú ni mo ń lọ. Ó ní gééjì ò parọ́ rí. Ó ní ìwé omi ti wà lókè, orúkọ mi ló sì wà níbẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á ní mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó wá ní ìwé ìgbélùú mi máa parí ní oṣù Kẹfà, iléeṣẹ́ ló sì ń bá mi tún un ṣe. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bàbá, ẹ kọ “àfi”, ẹ sì dúró. Àfi kí ni? Ṣé ọjọ́ kan wà tí gbogbo èèyàn ń retí, tí ẹ kọ̀ tí ẹ ò kàn án? Kí ni wọ́n fi yín ṣe? Mo nílò ìdáhùn yín kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá,

Kò sí lẹ́tà. Mo pe Màmá. Wọ́n ní ẹ ti kọ ọ́, ẹ ti ya á, ẹ ti tún un kọ. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi lẹ́nu, wọ́n ní ohun tó wà nínú yín kì í ṣe ohun tí à ń rán ẹlòmíràn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, fóònù sì já.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Wọ́n ti ń lẹ àwòrán ọkọ̀ mọ́ gbogbo ìgboro. Láràárọ̀ mo máa ń kọjá níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ yà, mi ò ní jẹ́ kó yà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta lẹ wá ń dákẹ́ fún?


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Jókòó kó o tó ka èyí.

Àǹtí rẹ, àbúrò mi obìnrin, mọ́tò kọ́ ló pa á. O kéré nígbà yẹn. A ní ojú ọ̀nà ló kú sí, torí mi ò fẹ́ kó o bi mí ní ìbéèrè. Omi náà ṣáà jẹ́ ọ̀nà, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wo ìlà mi. Ọkọ̀ ò tíì gbé ẹnì kankan, ó sì ti rì kọjá ìlà ní ìka méjì. Mo gbé ìka mi sókè fi han ẹni tó ni ọkọ̀. Èrò ti tò. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Káfíńtà, ìka rẹ ló wú, ọkọ̀ ò rì.” Èrò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ débi tí ìwọ náà ti rẹ́rìn-ín, mo bọ́ gíláàsì mi, mi ò lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn.

Àbúrò mi wà láàárín wọn. Ó gbé ẹrù lé orí, aṣọ iléèwé ogójì tó fẹ́ kó lọ fún àwọn ọmọ ní òdìkejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn án jàre, ẹ jẹ́ á lọ, àwọn ọmọ ń dúró.”

Mo gbé òòlù. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Atukọ̀ tú okùn.

Wọn ò dé ìdajì omi. Èèyàn mẹ́fà ló lọ. Aṣọ iléèwé ń léfòó káàkiri, wọ́n wú, wọ́n na apá, bíi pé àwọn ọmọ ló wà nínú wọn. A rí mẹ́tàdínlógójì kó jọ. Ìyá rẹ fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, ó kó wọn lọ fún iléèwé náà, nítorí àwọn ọmọ ń dúró.

Ẹnikẹ́ni ò dá mi lẹ́jọ́. Wọ́n ní igi ló gbó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Etí kọ́ ló lé mi kúrò níbi iṣẹ́. Bí etí mi bá di pátápátá, mo ṣì máa gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn.

O bi mí bóyá ọjọ́ kan wà tí mo kọ̀ tí mi ò kàn án. Kò sí. Ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Mi ò ní sọ ohun tó o máa ṣe fún ọ. Ìwọ lo mọ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ wà. Bí wọ́n bá dá ọ padà, ilẹ̀kùn wa ò ní títì. Ìyá rẹ ò kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ lónìí. Òun ló bá mi lẹ àpòòwé pa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ọjọ́ kìíní ti kọjá. Kò sí lẹ́tà. Ìyá rẹ ní o sọ lórí fóònù pé ara rẹ le, pé ìyókù di inú ìwé. Ìwé ò dé.

Mo ń lọ sí ilé lẹ́tà lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí fèrèsé ibẹ̀ ti mọ bàtà mi. Bó bá ti rí i, á ti máa mi orí kí n tó débẹ̀.

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ pẹ̀lú àṣìṣe.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́.

Inú bí mi. Ẹ ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bẹ̀rù mọ́tò. Títí di òní, mo máa ń dúró létí títì kí gbogbo èèyàn kọjá tán kí n tó kọjá. Ẹ ìbá ti jẹ́ kí n mọ ohun tó yẹ kí n máa bẹ̀rù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Àǹtí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ má dáhùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ronú kàn án.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, mo ní kí wọ́n mú ìwé omi jáde. Mo fa ìlà lórí orúkọ mi, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé mo ti yọ ọwọ́ mi, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Ṣé o mọ ohun tó o ṣe yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá Pọ́ǹpù, tó ń nu ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ló dáhùn pé, “Ẹ jẹ́ ká rán wọn léra wọn kí ojú wa rí i. Omi náà la ṣáà máa rọ.”

A kó èèyàn rọ́bà sínú gbogbo ọkọ̀ tí a ní. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá láàárín ọ̀kan àti èkejì. Bí ọ̀kan bá ti dé, a tún rán an padà. Wẹ́dà dúró tì mí. Kò kọrin. Títí dé ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó dára. Ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá kọjá ibi tó yẹ kó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá ò dúró. Ó lọ títí ó fi forí sọ irin ìpẹ̀kun, ariwo náà mú kí àwọn ẹyẹ orí òrùlé fò lọ.

Mẹ́rin nínú àwọn èèyàn omi bẹ́. Omi inú wọn ṣàn jáde sórí sìmẹ́ńtì, níbi tí èrò ìbá ti máa tò. Tí ọ̀fọ̀ ọmọ bá ṣẹ̀, a máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Níbí, agbè fọ́, omi dànù, a ò sì rí ẹnì kankan tí a máa sin. Mo lọ wo gééjì. Ó ṣì ń sọ pé gbogbo nǹkan pé.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó mú bẹ́líìtì kan tó já, ó ń yí i lọ́wọ́, ó ń yí i. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sún ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn síwájú, wọ́n sì gbé mi lọ sí sítọ́ọ̀ kí n máa ka bóòtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ka bóòtì, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa lé mi. Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyẹn. Mo fẹ́ mọ òpin ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́ fún yín.

Òpin rẹ̀ nìyí. Wọ́n ti la páìpù kejì tó ń da omi sí ìpẹ̀kun. Wọ́n gbé gééjì kúrò nídìí pọ́ǹpù lọ síbi tí ṣọ́ọ̀kì mi wà. Wọ́n sì so ó mọ́ ṣéènì: ọkọ̀ tó bá wà lókè ò ní gbéra títí omi á fi padà débi ìlà. Wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò tẹ̀ lé ìlà ṣọ́ọ̀kì náà gan-an, bó ṣe wọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, torí orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti fà á.

Wọ́n wá pè mí kí n wá tún tọwọ́ bọ ìwé. Mi ò yára lọ́tẹ̀ yìí. Ẹgbẹ̀rún ìrìn ni mo rán léra wọn, láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi rẹlẹ̀, mo sì lọ wo ògiri fúnra mi. Lẹ́yìn náà ni mo buwọ́ lù ú. Ìwé ìgbélùú mi, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kún un. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo wà níbí.

Àná ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Èèyàn mẹ́wàá jókòó sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní ojú, wọ́n ní ẹnu, wọ́n sì ń fi ẹnu náà ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ìyá àgbà kan ní kí ọkọ òun di àpò òun mú, ọkọ ní ta ló máa wá di òun mú. Mo yá òòlù onírọ́bà lọ́wọ́ wẹ́dà, mo sì bọ́ sí iwájú ọkọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnnì bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní, “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Má tẹ̀ ẹ́ kó o tó gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.”

Mo ti wo ògiri, Bàbá. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á.

Sọ fún wọn kí wọ́n máa kun ìlà yẹn lọ́dọọdún. Ọ̀dà tó bá wà létí omi tètè máa ń ṣá.

Kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o ní kí n má dáhùn. Àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìka mi ló ń wò.

Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ nìyí. Kò dá lẹ́tà rẹ padà, kò sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan. Èmi wò ó dáadáa, àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó ti yọ àwòrán náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sí pálọ̀. Onílé iwájú wa wọlé, ó ní, “Ẹ̀hẹ́n, afárá yẹn nìyí!” Bàbá rẹ ní rárá o, ọkọ̀ ni. Ó ní, “Ọmọ mi ló ń dá a sílẹ̀.”

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó jókòó, ó tún lẹ́tà rẹ kà. Ó wá fi eegun ìka rẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé oúnjẹ wá.